A Ò Gbọ́dọ̀ Sọ̀rọ̀ Títí Di Mayfair

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ wo eré ní ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń bínú sí mi. Ó ní látìgbà tá a ti jáde ní Oduduwa Hall lòun ti ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò dá òun lóhùn, òun ti rò pé òun ṣẹ̀ mí ni, òun ń ro gbogbo nǹkan tóun ti sọ láti àárọ̀, àfìgbà tí kẹ̀kẹ́ dé Mayfair níta ọgbà tí mo wá yíjú sí òun tí mo ní "ó yá, kí lo rí?" bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣé orí mi pé ṣá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, kò yé e. Ni mo bá ní jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bá mi lọ wòran ti mọ irú èèyàn tóun ń bá lọ.

Bàbá mi ló fà á. Káfíńtà ni wọ́n, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń kan pákó tí wọ́n fi ń da kọnkéré nígbà tí yunifásítì ń kọ́lé lọ́tùn-ún lósì. 1962 ni yunifásítì yìí bẹ̀rẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn ló kọ́kọ́ wà, 1967 ló tó kó wá sórí ilẹ̀ ẹ̀ ní Ifẹ̀, ẹ wá wo bí iṣẹ́ káfíńtà á ṣe pọ̀ tó láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tá a wà ní kékeré, tí bàbá mi bá ń mú èmi àti àbúrò mi lọ wo eré ní Oduduwa Hall, wọn ò kí ń wọlé tààrà. Wọ́n á lọ síbi ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn màálù tó fẹ́ rà, wọ́n á ní "ó ṣì le." Àwa náà á gbá a. Ó ṣì le lóòótọ́. Ẹ bá mi wò ó, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mi ò tí ì wọ inú gbọ̀ngán yẹn rí láìgbá ògiri. Lọ́jọ́ kan ẹ̀ṣọ́ kan bi mí bóyá nǹkan mi ló bọ́ síbẹ̀. Mo ní rárá, mò ń kí i ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Tí mo bá ń lọ wòran, mi ò kí ń jẹ òkèlè. Ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ó parí. Ohun tí ọkọ mi ṣe ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yẹn. Ìjẹ̀ṣà lọkọ mi, ọmọ òṣómàáló, èèyàn tó jẹ́ pé tí ò bá tí ì jẹ iyán, kò tí ì jẹun lọ́jọ́ náà, ẹ báà fún un ní ìrẹsì agbada kan. Ọdún tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa ni mo mú un lọ wo eré kan, ó ti jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ elégùsí kó tó kúrò nílé, ó tún fi omi tútù lé e. A jókòó, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo gbọ́ nǹkan létí mi, hrrrr. Bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n dé nínú eré yẹn, ọba ń kú lọ ni o, gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá kan níwájú wa sọ fún èkejì ẹ̀ pé "ẹ gbọ́ bí èémí ṣe ń pin lára kábíyèsí." Mi ò lè rẹ́rìn-ín, mi ò lè sunkún, mo kàn gún un nígùn-únpá, ló bá pàtẹ́wọ́. Òun nìkan. Látọjọ́ náà, iyán di ìgbà tá a bá dé.

Aṣọ ńkọ́? Ohun tó bá wù yín ẹ wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ dákun, gèlè. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú Ọlọ́run. Gèlè dára lóde ìgbéyàwó, ó dára ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ bá jókòó lẹ́yìn. Mo ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì rí tó jẹ́ pé gèlè pupa kan báyìí ni mo wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo mọ gbogbo ìṣẹ́po ẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti fi píìnì sí, mi ò mọ ẹni tó pa ẹnì kan nínú eré náà. Èmi, fìlà pélébé lásán tàbí kí n di irun mi pọ̀. Bàtà pẹlẹbẹ, torí àtẹ̀gùn inú òkùnkùn kì í mọ ẹni tó wọ bàtà gogoro. Lọ́fínńdà díẹ̀ péré, torí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó ò bá yín pín owó ẹ̀.

Báàgì mi rèé: aṣọ ìró kan, tọ́ọ̀ṣì kékeré, omi ọ̀rá kan, áńkíṣìfù. Ìró yẹn kì í ṣe fáàrí o. Tó bá jẹ́ Amphi, ìyẹn ibi ìṣeré ìta gbangba inú ọgbà, ni wọ́n ti fẹ́ ṣeré, orí kọnkéré lẹ ó jókòó, tẹ́ ẹ bá sì dé níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn ọjọ́ náà ṣì wà nínú ẹ̀, á máa yan yín nídìí bíi pé ẹ jókòó lé ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ paná ẹ̀. Tó bá di aago mẹ́jọ, kọnkéré kan náà á ti tutù, òtútù á wá gba ibẹ̀ wọlé sínú egungun, pàápàá nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ ń ká ìró yẹn sí mẹ́rin kí n jókòó lé e, tó bá yá mo máa tú u, mo máa fi bora. Tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà mọ ìdí, Nàìjíríà la wà. Inú áńkíṣìfù ni Tom Tom wà, mo sì ti bó bébà ẹ̀ nílé kí n tó jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ti gbọ́ bí bébà súìtì ṣe máa ń dún rí nígbà tí èèyàn kan bá ń dá sunkún lórí ìtàgé? Ẹni tó ń bó o á tún wá máa bó o díẹ̀díẹ̀ kó má baà dún, ìyẹn gan-an ló wá ń pẹ́ ẹ.

Mo máa ń tètè dé. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé tí wọ́n bá kọ aago mẹ́rin sára pósítà, ó lè di márùn-ún ààbọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, èmi náà mọ̀, mo sì tún máa ń dé síbẹ̀ ní mẹ́rin géérégé, kì í ṣe òmùgọ̀. Bàbá mi ò kí ń pẹ́ débi eré rárá torí ìjúbà. Wọ́n ní ẹni tó dé lẹ́yìn ìjúbà dà bí àlejò tó wọlé láìkí onílé, á kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn alárìnjó, eégún aláré ayé àtijọ́, nìyẹn ti wá, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun wọ́n á júbà akọ́dá, wọ́n á júbà aṣẹ̀dá, wọ́n á júbà àgbà ìlú tí wọ́n ń ṣeré fún. Nígbà tí Ògúǹdé dé, òun náà ò sọ ọ́ nù, ó kàn wọ aṣọ tuntun fún un ni, wọ́n ń pè é ní "opening glee," orin àti ijó ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, eré fúnra ẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúǹdé tẹ́lẹ̀ o, mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ̀, 1944 ló kọ́kọ́ gbé eré jáde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó, ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ pátá tó gbájú mọ́ eré. Bàbá mi wò ó nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ opening glee yẹn, ìyá wa á dìde lọ sí kíṣìnnì, torí ọ̀rọ̀ àwọn omidan tó jó lọ́jọ́ náà ò kí ń tán bọ̀rọ̀.

Tí mo bá ti tètè dé, mo máa rí àga tí mo fẹ́, ọwọ́ òsì, níparí ìlà, lẹ́yìn díẹ̀. Gbogbo èèyàn ń du iwájú. Èmi, ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ onílù ni mo ń wá. Àwọn òṣèré lẹ ń wò o, àmọ́ nínú eré Yorùbá onílù ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó ti mọ̀ kí òṣèré tó mọ̀. Mo rí ọ̀kan báyìí lójú mi. Ọmọkùnrin kan ń ṣe Baálẹ̀, agbádá ńlá, ìrùkẹ̀rẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó ti gbàgbé. Mo rí i bó ṣe ń mi ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn sọ́tùn-ún sósì, òógùn bọ́ sójú ẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rò pé Baálẹ̀ ń bínú ni. Onílù ò gbójú sókè, ó kàn tẹ ọṣán ìyáàlù mọ́ra, ó ní *ìgbín ò lọ́wọ́, ìgbín ò lẹ́sẹ̀, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín ń gùngi*. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, lẹ́ẹ̀kẹta ó fà á gùn. Àwa tá a gbọ́ ìlù ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú. Ni Baálẹ̀ bá mí kanlẹ̀, ló bá rántí, ló bá fi ohùn ńlá gbé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un débi pé òrùlé fẹ́ẹ̀ ṣí. Onílù kàn fi ìka nu imú.

Ẹ má sọ pé mò ń fi ìlù kan ṣe bàbàrà. 1976 ni Wọlé Ṣóyínká fúnra ẹ̀ darí Death and the King's Horseman ní yunifásítì wa níbí, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá padà tú sí Yorùbá ní Ikú Olókùn Ẹṣin, tẹ́ ẹ bá sì ti wò ó rí ẹ mọ̀ pé ìlù ló ń mú Ẹlẹ́ṣin, olókùn ẹṣin ọba tó gbọ́dọ̀ bá ọba kú, dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Ẹ yọ onílù kúrò ńbẹ̀, kí ló kù? Bàbá olówó kan tó ń ṣe ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ ká dákẹ́ tàbí ká má dákẹ́, mo ní èrò tèmi lórí ìyẹn náà. Àwọn kan á máa ṣe ṣììì sí gbogbo ẹni tó bá dáhùn òwe. Ẹ jọ̀ọ́ o. Tí òṣèré bá ní "bí ọmọdé bá ṣubú," tẹ́ ẹ wá ní kí ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn má parí ẹ̀ fún un, kí lẹ fẹ́ kó fi ẹnu ẹ̀ ṣe? Ìyẹn wà lára eré. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni fóònù tí wọ́n ń nà sókè láti ká a sílẹ̀, iná ẹ̀ á wá máa tàn sí èèyàn lójú látẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní padà wo fídíò ọ̀hún láéláé.

Kí n tó máa bú àwọn ẹlẹ́ẹ̀fóònù, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi. Láti géètì ni mo ti máa ń pa fóònù, òfin ni, àmọ́ lọ́jọ́ kan báyìí ara ọmọ mi gbóná nílé, mo wá ní jẹ́ kó wà ní títàn, mo rò pé mo ti pa ohùn ẹ̀. Mi ò pa á. Ìyá kan kúnlẹ̀ ti òkú ọmọ ẹ̀ lórí ìtàgé, kò sí ìlù, kò sí orin, ó kàn ń fọwọ́ pa irun ọmọ yẹn ni. Ni fújì bá bú sáyé nínú báàgì mi. Fújì gidi, ti òde ijó! Mo wá fóònù láàárín ìró, láàárín Tom Tom, ọwọ́ mi ò bà á, ìró yẹn tú, omi ọ̀rá bọ́ sílẹ̀. Obìnrin orí ìtàgé ò gbójú sókè, ó kàn sọ fún òkú ọmọ ẹ̀ jẹ́jẹ́ pé "dúró ná, ó lè jẹ́ pé ọ̀run ló ń pè." Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, ó sì dúró dè wá títí tá a fi rẹ́rìn-ín tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo wa sì tún bá a sunkún. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Ẹ sì mọ ẹni tó pè mí? Kì í ṣe ilé o, ọmọ ti sùn. Àwọn onínẹ́tíwọ̀kì kan ni, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, ó ní kí n tẹ oókan kí n lè ra orin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Mayfair.

Nígbà tá a wà ní kékeré, tá a bá ti wò ó tán, bàbá mi á mú wa lọ́wọ́ lọ wọ mọ́tò, òfin á sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí a ó fi kọjá Mayfair. Ọgbà yunifásítì gùn, ẹ mọ Road 1, igi lọ́tùn-ún lósì, òkùnkùn, èrò inú mọ́tò á máa pariwo nípa eré náà, àwa mẹ́ta á dákẹ́ bíi pé ibi òkú la ti ń bọ̀. Nǹkan á ti kún ọ̀fun mi, àbúrò mi á máa ta mí nípàá. Tá a bá wá kọjá Mayfair, tá a dojú kọ Lágéré, wọ́n á ní "ó yá. Kí lẹ rí?"

Ẹ ò gbọ́dọ̀ ní "ó dùn." Àbúrò mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní "ọbẹ̀ ló ń dùn. Kí lo rí?" Ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè mú. Èmi sọ lọ́jọ́ kan pé mo rí ọba ayé àtijọ́ tó fẹ́ bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀ lábẹ́ agbádá, kò bọ́, ó bá ń fi ọwọ́ òsì pamọ́ títí eré fi parí, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ kan gbé ọmọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé, wọ́n jí ìyá wa lójú oorun torí ẹ̀. Mi ò gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé rí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Mo ti dàgbà kí n tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí òfin yẹn. Wọ́n ní Orí Olókun ni. Àárín ìlú ni gbàgede yẹn wà, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì, ará ìlú ń wọ ibẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame jáde ní 1968. Wọ́n wò ó. Òyìnbó ni wọ́n sọ o, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ò lọ ju ìwé mẹ́fà lọ, àmọ́ òwe Yorùbá ló kún inú òyìnbó ọ̀hún, orin àti ọfọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Wọ́n ní nígbà táwọn jáde, àwọn tíṣà tó wà ńbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, wọ́n ní ìtàn ará Gíríìsì ni, ti Oedipus, wọ́n ní báyìí báyìí, wọn ò tí ì ṣàlàyé dé ìdajì tí ohun tí àwọn fojú ara àwọn rí fi ń ṣí lọ lórí àwọn. Àwọn bá rìn kúrò láàárín wọn. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ìdajì, àmọ́ mo rí gbogbo ẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlàyé nù ún kúrò lójú mi."

Bàbá mi ò lè jáde lọ wòran mọ́. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àtẹ̀gùn sì ti di ọ̀tá. Nítorí náà, tí mo bá ti kọjá Mayfair, mo máa ń tan fóònù, mo máa pè wọ́n. Èyí lọ̀rẹ́ mi ò mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti kọ́kọ́ bi í "kí lo rí," ó fi ìbínú dá mi lóhùn pé "ó dùn," mo bá bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló tún dá kún un. Mo wá pe bàbá mi níwájú ẹ̀.

"Kí lo rí?"

Mo ní mo rí ọmọbìnrin kékeré kan, kò lè ju ogún ọdún lọ, ó ń ṣe ìyá arúgbó. Tó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, kò kọ́kọ́ gbé ara ẹ̀. Á fi ọwọ́ wá ilẹ̀ ná, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbí, á tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, bíi kó mọ̀ bóyá ilẹ̀ á gbà, kó tó wá gbé ìdí.

Wọ́n dákẹ́. Mò ń gbọ́ rédíò wọn lẹ́yìn.

"Bí mo ṣe ń dìde nìyẹn," wọ́n ní.

"Ẹ̀n, bàbá. Mo tún rí..."

"Ọ̀kan ni," wọ́n ní, wọ́n sì pa fóònù.